Ọmọ Kì í Mu Ọmú ní Ìdùbúlẹ̀

Ọmọ márùn-ún ni mo bí, mo sì fún márààrún lọ́mú títí wọ́n fi ń sáré kiri. Kò sí agbẹ̀bí tí ó kọ́ mi, kò sí ẹni tí ó fi ìrọ̀rí tì mí lápá. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní abúlé wa lẹ́bàá Issaba pé Flore, àbígbẹ̀yìn mi, ti bí obìnrin ní Sakété, mo ti mọ iṣẹ́ tí ó ń dúró dè mí. Èmi ni n óò wẹ ọmọ náà. Èmi ni n óò gbé e sí ìyá rẹ̀ láyà. Ní ilé tiwa, ìyá ìyàwó ló ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kì í bá a du iṣẹ́ náà.

Òjò ni kò jẹ́ kí n tètè dé. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ dúdú wa mọ̀ pé bí òjò bá fi ọjọ́ méjì rọ̀ sí i, alùpùpù kò lè kọjá, ẹsẹ̀ ènìyàn gan-an á máa rì dé orúnkún. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ẹrù mi, epo pupa, ẹja gbígbẹ, ewé tí n óò fi wẹ ọmọ, mo ń wo ojú ọ̀run, mo ń bú u. Nígbà tí ọ̀nà gbẹ díẹ̀, mo gun zémijan, alùpùpù akérò, dé Pobè, mo wọ ọkọ̀ láti Pobè dé Sakété. Ó di ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n ti bímọ kí n tó wọ ilé ọkọ ọmọ mi.

Wọ́n ti wẹ ọmọ. Òórùn pàùdá ń tú lára rẹ̀, wọ́n sì ti fi aṣọ funfun wé e. Victorine ló gbé e lọ́wọ́. Òun ni ìyá Éric, ọkọ Flore. Ó kéré sí mi díẹ̀ lọ́jọ́ orí, oníṣòwò ni, ó sì ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ohùn rẹ̀ kì í ga. Mo máa ń sá fún ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í ga, nítorí ènìyàn kì í mọ ibi tí yóò ti bá a jà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi.

“Ẹ káàbọ̀, Ìyá Flore. A ti ń retí yín láti ọjọ́ yìí.”

Mo dáhùn dáadáa. Nínú mi, mo ń bi í pé ta ni àwa tí ó ń retí mi. Èmi tí mo bí Flore ni mo wá di àlejò tí wọ́n ń retí nínú yàrá ọmọ mi.

Flore jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ̀ bí ẹni tí inú ń run. Wọ́n la ikùn rẹ̀ kí ọmọ tó jáde, ojú ọgbẹ́ náà kò sì tíì jinná. Nígbà tí ó rí mi, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Ìyé.” Bí àwọn ọmọ mi ṣe ń pè mí nìyẹn, inú mi sì dùn. Ìdùnnú náà kò pẹ́ rárá. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké fún ọmú, Flore kò sì wo ojú mi. Victorine, tí ó ń pè ní Màmá, ló wò, ó ní kí Màmá sọ bí àwọn yóò ṣe gbé e.

Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n kó ìrọ̀rí mẹ́ta tí Victorine tò sórí bẹ́ẹ̀dì kúrò níwájú mi. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo ní kí Flore sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó, kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, kí ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, kí ó tẹ́ ọmọ sórí itan, kí ó sì tẹ̀ síwájú kí ọmú lè bá ẹnu ọmọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ó bí ìyá mi náà ṣe. Victorine ní ọgbẹ́ ikùn lè má jẹ́ kí ó rọrùn. Mo bi í bóyá àwọn tí ó bímọ ṣáájú wa kò ní ikùn ni. Ó kó ìrọ̀rí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jáde, mo sì rò pé mo ti borí.

Ṣùgbọ́n mo rí ojú Flore. Bí ó ṣe ń tẹ̀ síwájú ni ọgbẹ́ náà ń fà á, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, kò sì lè tẹ̀ dé ibi tí ó yẹ. Ọmọ ń fi ẹnu wá ọmú kiri. Orí ọmú nìkan ni ẹnu rẹ̀ tó, ó ń fà á, ó ń fà á, kò sì rí nǹkan gidi gbé mì. Ó fà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó sì sun ẹkún náà sùn. Orí ọmú ìyá rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní kò burú, ara rẹ̀ á mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kejì, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń fọ aṣọ ọmọ. Mo gbọ́ tí ọmọ ń ké, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bí ilé tí ọmọ tuntun wà bá ṣàdédé dákẹ́, ẹ̀rù a máa bani. Mo sáré wọlé tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́.

Flore fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó kọjú sí i, ikùn kan ikùn, wọ́n sì ká aṣọ róbótó sí i lẹ́yìn kí ó má baà yí padà. Kò sí ẹni tí ó ń tẹ̀, kò sí ohun tí ó kan ọgbẹ́. Victorine jókòó tì wọ́n, ó gbé ọwọ́ kan lé èjìká ọmọ mi. Ọmú kún ẹnu ọmọ náà bámúbámú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, mo sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń gbé e mì láti ẹnu ọ̀nà tí mo dúró sí. Flore ti di ojú. Láti ìgbà tí mo ti dé, n kò tíì rí i kí ara rẹ̀ balẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá tí ó ní làákàyè á yọ̀. Èmi kò yọ̀. Ohun tí mo rí ni ọwọ́ obìnrin yẹn ní èjìká ọmọ mi. Owú gbà mí láyà, ó ta mí bí ata.

“Ṣé etí ọmọ yìí lẹ fẹ́ bà jẹ́ ni? Ọmọ kì í mu ọmú ní ìdùbúlẹ̀. Omi ọmú á wọ̀ ọ́ létí.”

Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀dọ̀ wa. Obìnrin tí ó bá fún ọmọ lọ́mú ní ìdùbúlẹ̀, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, wọ́n á sì ní etí ọmọ rẹ̀ á ṣọyún. Victorine ní àwọn náà ń sọ ọ́ ní Sakété, òun náà sì gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun bá wọn dúró ní ilé ìgbẹ̀bí, òun bi agbẹ̀bí léèrè, ó sì ní kò sí ohun tí yóò ṣe etí ọmọ tí ó bá gbá ọmú mú dáadáa, kí wọ́n sáà jẹ́ kí orí rẹ̀ ga díẹ̀. Ó ní agbẹ̀bí náà ló fi bí ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ ṣe ń dùbúlẹ̀ han àwọn. Mo bi í bóyá agbẹ̀bí náà ti bímọ rí. Ó ní òun kò bi í.

Bí mo bá fi mọ síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá ti tán. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Flore kò tíì gbé ọmọ kúrò lẹ́nu ọmú. Ó ń gbọ́ mi, kò sì gbé e kúrò. Ni mo bá sọ̀rọ̀ Flavienne. Flavienne ni ọmọbìnrin Zacharie, ẹni tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ní abúlé, Flore sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ náà ti tó ọmọ ọdún méjìlá báyìí, bí ènìyàn pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ní gbọ́ ẹyọ kan. Mo ní ṣé Flore mọ ohun tí ó dí i létí. Mo ní ìdùbúlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi ń fún un lọ́mú. Mo ní ọyún ń jáde létí ọmọ náà, ó ń kán sórí ẹní, títí gbogbo rẹ̀ fi dí pa. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń wo ojú Flore, mo sì rí ìgbà tí ẹ̀rù wọ ojú náà.

Ó fa ọmú yọ lẹ́nu ọmọ. Ọmọ bú sẹ́kún. Victorine dìde.

“Ìyá Flore, ẹ̀yin lẹ bí i,” ó ní. “N kò ní bá yín du ọmọ yín.”

Ó sọ ọ́ láìbínú, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí, nítorí ìjà ni mo fẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò wọ yàrá náà mọ́. Á gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé ẹnu ọ̀nà, á kí wa níbẹ̀, á padà sí apá tirẹ̀ nínú ọgbà. Èmi àti Flore àti ọmọ nìkan ló kù, bí mo ṣe fẹ́ kí ó rí láti ilé wá.

Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn ará ìjọ Victorine wá, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì sọ ọmọ ní Gracia. Wọ́n ní kí èmi náà sọ tèmi, mo sọ ọ́ ní Dúróoríkẹ́. Bí wọ́n ṣe ń jẹun ni wọ́n ń yin Victorine pé kò sí ìyá ọkọ bíi tirẹ̀, pé bí ẹni tọ́jú ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni ó ń ṣe. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń ṣe àmín. Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo ń tutọ́ funfun jáde. Ta ló ń gbọ́ ẹkún ọmọ láti àárọ̀ di alẹ́? Ta ló ń fi epo pa orí ọmú Flore tí ó ti là yánnayànna? Kò sí ẹni tí ó yìn mí.

Ọmọ náà sì ń ké. Ọ̀sán, òru, ó ń ké. Flore á jókòó sórí ẹní, á na ẹsẹ̀, á fi eyín há ètè, á tẹ̀ síwájú, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀ sí ọmọ lórí. Mo ń sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ títọ́ ṣe ń rí.

Ọjọ́ kẹwàá la gbé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí fún ìwọ̀n. Agbẹ̀bí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ló gbà á lọ́wọ́ wa, Mireille ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Kílò mẹ́ta géérégé ni wọ́n bí Gracia. Ó ti di kílò méjì ààbọ̀ àti díẹ̀. Mireille wo òṣùwọ̀n náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí Flore fún ọmọ lọ́mú kí òun rí i. Flore na ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, Mireille sì ní kí ó dúró. Ó bi í léèrè pé ìdùbúlẹ̀ tí òun kọ́ wọn ńkọ́. Flore wò mí. Mireille kúnlẹ̀ níwájú mi, ó fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá ní kí a gbé ọmọ padà wá ní ọjọ́ Ẹtì, pé bí kò bá fi nǹkan kan kún ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n á dá a dúró síbẹ̀, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti yọ ẹnu rẹ̀ kán wàrà sí i lẹ́nu. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà.

Mo rò pé Flore yóò ṣe ohun tí agbẹ̀bí wí nígbà tí a bá délé, n óò sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kò ṣe é. Ó sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀. Ó ní agbẹ̀bí kò mọ Flavienne, òun mọ̀ ọ́n, òun ti bá a ṣeré rí kí òun tó lọ sílé ọkọ. Ó ní bí etí ọmọ òun bá dí, ta ni yóò fún un ní etí mìíràn. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ohun tí mo gbìn ti hu gbòǹgbò.

Nígbà tí ó di Ọjọ́bọ̀, ẹkún Gracia ti dín kù. Ẹni tí kò mọ ọmọ á rò pé ó ti ń mọ́ra ni. Èmi mọ̀ pé agbára ẹkún ló ń tán. Victorine gbé ẹ̀kọ wá ní ọ̀sán, ó gbọ́ ohùn ọmọ náà, kò sì padà bí ó ṣe máa ń ṣe. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, orúnkún méjèèjì nílẹ̀.

“Ìyá Flore, mo bẹ̀ yín nítorí ọmọ yìí. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí n wọ yàrá yìí mọ́ láéláé, n kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ sáà jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀.”

Ó dìde, ó lọ. Ẹ wo irú obìnrin. Èmi kò lè fi ọjọ́ kan yááfì ọmọ yẹn fún un, òun sì ti yááfì rẹ̀ fún mi láéláé. Inú tún bí mi pé ó dára jù mí lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ń pa á lówe. Èmi kò tilẹ̀ sí lọ́jà, inú yàrá ni mo wà, orí ọmọ sì ń wọ́ lójú mi, nítorí ọwọ́ ẹnì kan tí ó wà ní èjìká ẹnì kan.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sórí ẹní ní ẹ̀gbẹ́ Flore.

“Ìdùbúlẹ̀ ni ìwọ náà fi mu ọmú,” mo ní.

Ó wò mí. Kò yé e.

Mo ní nígbà tí mo bí i, ẹ̀jẹ̀ dà lára mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè gbé orí sókè. Bí mo bá jókòó, òòyì á kọ́ mi, màá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Bí ìyá bàbá rẹ̀ bá ti lọ sóko, n óò ti ilẹ̀kùn, n óò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, n óò tẹ́ ẹ tì mí. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi lóde, n óò sáré dìde jókòó, n óò na ẹsẹ̀, n óò ṣe bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni mo ti wà láti àárọ̀. Oṣù méjì ni mo fi ṣe é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà pè mí ní ọ̀lẹ.

“Flavienne ńkọ́?” Flore bi mí.

“Àìsàn èéyi ló dí i létí. Ó ti ń rìn nígbà náà. N kò mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe fún un lọ́mú. Irọ́ ni mo pa.”

Ó ń wo ojú ọmọ, kò wo tèmi.

“Kí ló dé, Ìyé?”

“Mo jowú ni. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ ní èjìká rẹ. Mo fẹ́ kí ọwọ́ náà kúrò níbẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ kí ọmọ yó lọ.”

Mo ń retí pé kí ó bú mi. Ìbá bú mi, ọkàn mi ìbá fúyẹ́. Kò bú mi. Ó gbé Gracia lé mi lọ́wọ́, ó di ògiri mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo ká ìró mi kan, mo fi sí àárín orúnkún rẹ̀ kí ìbàdí má baà fa ọgbẹ́. Mo tẹ́ ọmọ tì í, ikùn kan ikùn, mo jẹ́ kí imú rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú orí ọmú, mo ká aṣọ sí i lẹ́yìn, mo sì jẹ́ kí orí rẹ̀ sinmi lé apá ìyá rẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbàgbé. A dúró kí ó la ẹnu. Ó kọ́kọ́ là á díẹ̀, mo ní kí Flore má fún un. Ìgbà tí ó là á gbàgà bí ẹni tí ó ń yán, mo tì í mọ́ àyà ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bọ́. A tún ṣe é. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbá a mú.

Ó kọ́kọ́ fà á kíákíá, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì. Ó ń gbé e mì, ó ń mí, ó ń gbé e mì. Wàrà díẹ̀ ṣàn ní igun ẹnu rẹ̀, ó dorí kọ ọ̀nà etí, mo sì fi ìka nù ún kí ó tó débẹ̀. Ohun tí a ti gbàgbọ́ fún ọjọ́ pípẹ́ kì í kúrò lára lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ ọmọ náà tí ó ti dì pọ̀ láti àárọ̀ tú sílẹ̀ lórí àyà ìyá rẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ mi lé èjìká Flore. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, kò yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo ní nínú mi pé bóyá ọ̀rọ̀ náà ti tán, bóyá ó ti dárí jì mí. Mo ń wo ojú rẹ̀, mo ń dúró de ohun tí yóò sọ fún mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó la ojú, ẹ̀rín sì wà lójú náà.

“Ìyé.”

“Mo wà níbí.”

“Ẹ bá mi pe Màmá. Ẹ jẹ́ kí ó wá wò ó.”

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo gba inú ọgbà kọjá. Ó jìnnà ju bí ó ṣe yẹ lọ. Victorine wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ń jọ̀ gàrí, apá rẹ̀ funfun dé ìgúnpá. Nígbà tí ó rí mi, ó dìde dúró tòun ti ajọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀, nítorí n kò wá sí apá ibẹ̀ rí.

“Ìyá Éric,” mo ní, “ọmọ ń mu ọmú. Ìdùbúlẹ̀ ló fi ń mu ún. Flore ní kí ẹ wá wò ó.”

Ó ti ajọ̀ náà sí mi lọ́wọ́, ó sì sáré kọjá lára mi láìwọ bàtà. Láìpẹ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá, ó ń yin Olúwa rẹ̀, mo sì gbọ́ tí Flore ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá kí n padà wọlé. Gàrí tí ó kù nílẹ̀ pọ̀. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo ń bá a jọ̀ ọ́.